Etí Tí A Fi Tàdáwà Fàdákà Tẹ̀: Ọ̀rọ̀ Kan Láti Tamale

Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Kumasi wọ ìlú Tamale ní àkókò ọyẹ́, nígbà tí eruku aṣálẹ̀ bá bo ojú ọ̀run, kì í ṣe ilé ni yóò kọ́kọ́ rí lókèèrè. Òpó onírin ni yóò rí. Àwọn òpó náà dúró gbọnrangandan lórí pẹ̀tẹ́lẹ̀ ilẹ̀ Dagbon, níbi tí òkè kò pọ̀, tí igi òrí àti igi oṣè dá dúró káàkiri inú pápá bí ẹni tí a fi ṣọ́ oko. Lára òpó kọ̀ọ̀kan ni a so àwọn ohun funfun gígùn kan mọ́, tí wọ́n dàbí pátákó ilẹ̀kùn. Àwọn ni etí, àwọn náà sì ni ẹnu, fún gbogbo fóònù alágbèéká tí ó wà ní sàkání ibẹ̀. Orúkọ wọn ni áńtẹ́nà. Nínú fóònù tí ó wà nínú àpò olúkúlùkù pẹ̀lú, áńtẹ́nà wà níbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú kì í rí i. Nípa irú áńtẹ́nà tuntun kan ni a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ̀rọ̀: èyí tí a ń fi tàdáwà tẹ̀ sórí tákàdá tàbí ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí a lè ká bí ẹní, tí ó sì lè yí ohùn tí ó ń gbọ́ padà.

Orúkọ Tamale kì í ṣe àjèjì létí àwọn ọmọ Yorùbá. Ṣáájú kí Ghana tó gba òmìnira ní ọjọ́ 6 oṣù March 1957, àti lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú, àwọn ènìyàn wa láti Ìgbẹ́tì, Ọ̀fà, Ògbómọ̀ṣọ́, Ṣakí àti Ìlọrin ti ń ná ọjà ní ìhà àríwá ilẹ̀ náà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn bímọ síbẹ̀, wọ́n kọ́lé síbẹ̀, wọ́n sì sin òkú síbẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù November 1969 ni ìjọba Dókítà Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé àṣẹ ìgbélùú kó ẹrù rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ìsọ̀ tí a fi ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó jọ sì di èyí tí a ń tà fún iye tí ẹni tí ń rà bá fẹ́. A kò mú ọ̀rọ̀ yìí wá láti tún ọgbẹ́ àtijọ́ dá. Àwa náà ṣe irú rẹ̀ sí àwọn ará Ghana ní oṣù January 1983, nítorí náà kò sí ẹni tí ó lè fọwọ́ sọ̀yà. A mú un wá nítorí pé àwọn oníṣòwò wọ̀nyẹn mọ ohun kan dájú. Ẹni tí ó bá kúrò ní Ìgbẹ́tì, tí ó gba Parakou kọjá, tí ó sì la àríwá Togo já kí ó tó dé Tamale, oríṣiríṣi èdè ni yóò bá pàdé lójú ọ̀nà, láti orí èdè Ìbàrìbá títí dé orí Dagbani, tí Hausa sì wà láàárín wọn gẹ́gẹ́ bí afárá. Ẹni tí ó bá dúró lórí èdè kan ṣoṣo kò lè ná ọjà náà. Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ etí fóònù ní òde òní kò yàtọ̀ sí èyí.

Àwa fúnra wa fi ojú ara wa rí i. Ní ìgbà kan, ẹ̀gbọ́n wa tí ó ń gbé ní Amẹ́ríkà fi fóònù kan ta wá lọ́rẹ. Fóònù náà dára, ojú rẹ̀ ń dán, iye owó rẹ̀ sì ju owó oṣù olùkọ́ lọ. Nígbà tí a gbé e dé Tamale, ó ń pe ènìyàn, ó sì ń gbọ́ ìpè. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ fi gba ìwé tàbí àwòrán, ó di ìjàkadì. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó fi alùpùpù gbé wa ní fóònù olówó pọ́ọ́kú kan tí gíláàsì rẹ̀ ti sán, èyí sì ń ṣe gbogbo rẹ̀ wéré. Ó wò wá, ó rẹ́rìn-ín, ó sì bá wa fi tirẹ̀ ránṣẹ́. Ìdí rẹ̀ kò ju èyí lọ: ní oṣù December 1915 kọ́ o, 2015 ni, ni ilé-iṣẹ́ MTN ra àṣẹ láti lo ìgbì 800 megahertz ní Ghana fún ìpele kẹrin iṣẹ́ fóònù, wọ́n sì san 67.5 mílíọ̀nù dọ́là fún un. Ọ̀pọ̀ nínú fóònù tí a ń ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà ní àkókò náà ni a kò ṣe láti gbọ́ ìgbì yẹn. Fóònù wa kò dití; èdè ọjà tí a gbé e dé ni kò gbọ́.

Kí ni a ń pè ní 800 megahertz? Ẹ jẹ́ kí a ṣe àlàyé rẹ̀ díẹ̀, nítorí àwọn olùkọ́ tí yóò fẹ́ kà á fún àwọn ọmọ kíláàsì wọn. Bí a bá ju òkò sínú odò tí ó dákẹ́, ìgbì yóò tàn ká, a ó sì lè fi ojú wọn àlàfo tí ó wà láàárín orí ìgbì kan àti èkejì. Ìgbì rédíò náà ní irú àlàfo bẹ́ẹ̀, àyàfi pé ojú kì í rí i, àti pé eré rẹ̀ tó 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nígbà tí a bá sọ pé ìgbì kan jẹ́ 800 megahertz, ohun tí a ń sọ ni pé ó ń gbọ̀n ní ìgbà 800 mílíọ̀nù láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan náà. Bí ọmọ ilé-ìwé bá pín eré yẹn sí iye gbígbọ̀n yìí, yóò rí i pé àlàfo láàárín orí ìgbì méjì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 37 àti ààbọ̀. Ti 1,800 megahertz kò ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 17 lọ. Ti 2,400 megahertz, èyí tí ọ̀pọ̀ Wi-Fi ń lò nínú ilé, jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 12 àti ààbọ̀.

Áńtẹ́nà a máa gbọ́ ohùn ìgbì kan dáradára bí gígùn rẹ̀ bá ṣe déédéé pẹ̀lú ìdajì tàbí ìdámẹ́rin àlàfo náà. Ìgbì rédíò FM tí ó wà ní 100 megahertz gùn ní mítà mẹ́ta. Ìdámẹ́rin rẹ̀ sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 75. Ìdí nìyí tí irin tí a ń fà jáde lára rédíò fi máa ń gùn tó bẹ́ẹ̀. Ẹ wọn ti ilé yín wò.

Láti ìgbà tí Heinrich Hertz ti fi hàn ní Jámánì ní ọdún 1888 pé ìgbì yìí wà ní tòótọ́, gbogbo ìtàn áńtẹ́nà jẹ́ ìtàn irin tí a gé ní ìwọ̀n. Nígbà tí Marconi fẹ́ gbọ́ ohùn láti òdìkejì òkun Àtìláńtíìkì ní ọjọ́ 12 oṣù December 1901, wáyà gígùn ni ó so mọ́ ẹyẹ tákàdá tí afẹ́fẹ́ gbé lọ sókè ní Newfoundland. Ní ọdún 1926, àwọn onímọ̀ méjì ní Japan, Yagi àti Uda, to ọ̀pá irin tí gígùn wọn kò dọ́gba sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn bí egungun ẹja. Àwọn àgbà tí wọ́n wà ní Ìbàdàn mọ egungun ẹja náà, nítorí lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù October 1959, tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ṣí ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, orí òrùlé ẹni tí egungun ẹja bá hàn, olówó ni ará àdúgbò ń pè é. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn, láti orí Hertz títí dé orí òrùlé Ìbàdàn, etí olóhùn kan ni wọ́n. Bí a bá ti gé irin náà, ó di ọ̀rọ̀ tí a ti sọ tán.

Fóònù òde òní kò lè gbé pẹ̀lú irú etí bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ gbọ́ 800, kí ó gbọ́ 900, kí ó gbọ́ 1,800 àti 2,100. Ó gbọ́dọ̀ gbọ́ Wi-Fi, kí ó sì gbọ́ sátẹ́láìtì tí ń sọ ibi tí ènìyàn wà. Àwọn tí ń ṣe fóònù a máa to etí púpọ̀ sínú rẹ̀, wọn a sì máa du àyè mọ́ bátìrì lọ́wọ́. Ọgbọ́n kejì ni kí etí kan ṣoṣo mọ bí a ti ń yí padà.

Kò yẹ kí ọgbọ́n yìí ṣòro fún àwa láti lóye, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí ó ṣòro fún ará Tamale. Ní ilẹ̀ Dagbon, àwọn onílù tí a ń pè ní lunsi ni òpìtàn ọba. Lẹ́nu wọn ni ìtàn ìran àwọn ọba Yendi wà. Ìlù ọwọ́ wọn, lunga, àti dùndún tiwa, a fẹ́ sọ pé ọmọ ìyá ni wọ́n. Ìbàdí rẹ̀ tín-ín-rín, awọ wà ní ojú méjèèjì, okùn awọ sì so wọ́n pọ̀ láti òkè dé ilẹ̀. Bí onílù bá fi apá fún ọ̀sán náà, ohùn ìlù a gòkè. Bí ó bá dẹ̀ ẹ́, a sọ̀ kalẹ̀. Igi kò yí padà, awọ kò yí padà; ìfúnpá ni ó yí padà. Nínú áńtẹ́nà tuntun yìí, ẹ̀yà kékeré kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní varactor, tí ó ń ṣe iṣẹ́ apá onílù. Agbára iná kékeré tí a bá fi sí i ni ó ń pinnu iye iná tí ó lè dì mú, bí èyí bá sì ti ń yí díẹ̀díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ohùn tí áńtẹ́nà ń gbọ́ yóò máa lọ sókè tàbí sísàlẹ̀.

Ẹ̀yà kejì ni PIN diode. Èyí kò dàbí dùndún. Fèrè ni ó jọ. Afunfèrè a máa fi ìka dí ihò kan, afẹ́fẹ́ inú fèrè a sì gùn sí i. Bí ó bá ṣí i, afẹ́fẹ́ náà a kúrú. PIN diode jẹ́ ìka tí ń dí ihò. Nígbà tí iná bá wọ inú rẹ̀, ó so ìlà fàdákà méjì pọ̀ di ọ̀kan gígùn. Nígbà tí iná bá kúrò, ìlà náà tún pín. Áńtẹ́nà tí ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́sàn-án fún ìgbì 800 lè di ti sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin fún ìgbì 1,800 láàárín àkókò tí kò tó ìṣẹ́jú ojú. Ó ní owó orí tirẹ̀, nítorí PIN diode ń jẹ iná níwọ̀n ìgbà tí ó bá wà ní ṣíṣí fún un, varactor kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ nǹkan kan. Ní abúlé tí ó jẹ́ pé oòrùn ni a fi ń gba iná sínú bátìrì, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré.

A fẹ́ fi àkíyèsí kan há a láàárín kí onímọ̀ kan má baà mú wa ní òpùrọ́: yíyí etí nìkan kò tó. Ẹ̀yà inú fóònù tí ń túmọ̀ ohun tí etí gbọ́ gbọ́dọ̀ mọ èdè náà pẹ̀lú. Fóònù tí ẹ̀gbọ́n wa fún wa kì bá má yá ju bẹ́ẹ̀ lọ bí a bá yí etí rẹ̀ nìkan.

Ẹ jẹ́ kí a wá bọ́ sórí títẹ̀, nítorí níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti kan àwọn ilé-ìwé wa. Ọ̀nà àtijọ́ tí a fi ń ṣe áńtẹ́nà pẹlẹbẹ jọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí àwọn ìyá wa ní Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn ń ṣe. Aládìrẹ a fi ẹ̀kọ ya ibi tí kò fẹ́ kí aró mú, yóò sì ri aṣọ náà bọ inú aró. Oníṣẹ́ ẹ̀rọ náà a mú pátákó tí bàbà bo ojú rẹ̀, yóò fi ohun kan ya ibi tí ó fẹ́ kí bàbà kù sí, yóò sì ri í bọ inú oògùn tí ń jẹ bàbà. Èyí tí oògùn jẹ, ó ṣòfò nìyẹn, oògùn náà sì di májèlé tí a ní láti wá ibi dà sí. Pátákó ọ̀hún le. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, yóò kán.

Ọ̀nà tuntun kò ri ohunkóhun bọ inú ohunkóhun. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí ń tu tàdáwà, irú èyí tí ó wà nínú ọ́fíìsì, ni a fi ń kọ áńtẹ́nà náà sórí tákàdá bí ẹni tí ń kọ lẹ́tà. Inú tàdáwà náà ni a po fàdákà sí, tí a ti lọ̀ kúnná tó bẹ́ẹ̀ tí ó jẹ́ pé bí a bá to ẹgbẹ̀rún kan nínú hóró rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, wọn kì í sábà nípọn ju irun orí kan lọ. Lẹ́yìn èyí a óò yan án lórí ooru pẹ̀lẹ́, kí àwọn hóró náà lè so mọ́ ara wọn, kí iná sì lè gba inú wọn kọjá. Ibi tí a bá fẹ́ kí fàdákà wà nìkan ni fàdákà ń kán sí.

Ní Atlanta, ní ilé-ẹ̀kọ́ Georgia Tech, Ọ̀jọ̀gbọ́n Manos Tentzeris àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń tẹ áńtẹ́nà sórí tákàdá láti nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn. Ní Arizona State University, níbi tí Constantine Balanis wà, ẹni tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ nílé wa mọ orúkọ rẹ̀ lára ìwé ńlá tí ó kọ nípa áńtẹ́nà, wọ́n gbé àbájáde kan jáde ní ọdún 2016: áńtẹ́nà tí a fi tàdáwà tẹ̀, tí ó ṣeé tẹ̀ kọdọrọ, tí PIN diode sì ń yí láti ìgbì kan sí òmíràn. Ní yunifásítì KAUST ní Saudi Arabia pẹ̀lú, wọ́n tẹ irú èyí tí ń yí padà sórí tákàdá. A dárúkọ ti Saudi Arabia ní pàtàkì nítorí ooru àti eruku tí ó wà níbẹ̀ kì í ṣe ti Òyìnbó.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó wú wa lórí jù kì í ṣe èyí tí ó gbọ́n jù. Ní ọdún 2013, àwọn onímọ̀ láti yunifásítì Tokyo, láti Georgia Tech àti láti ilé-iṣẹ́ Microsoft fi hàn pé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lásán, tí a rà nínú ìsọ̀, lè tẹ irú ìlà fàdákà yìí sórí tákàdá fọ́tò, pẹ̀lú tàdáwà kan tí kò fẹ́ yíyan rárá. Gbogbo ohun èlò wọn kò ju nǹkan bí 300 dọ́là lọ. Ìyàlẹ́nu kejì dé ní ọdún 2019. Ohun èlò tí a fi ń wọn áńtẹ́nà, kí a lè mọ ohùn tí ó ń gbọ́ gan-an, ti jẹ́ ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ olówó nìkan ń ní, nítorí pé owó rẹ̀ lè ra mọ́tò. Ní ọdún yẹn ni ẹ̀rọ kékeré kan tí a ń pè ní NanoVNA, tí ará Japan kan ti kọ́kọ́ gbé àwòrán rẹ̀ kalẹ̀ fún gbogbo ayé, bẹ̀rẹ̀ sí í tàn káàkiri ní iye tí kò tó 100 dọ́là. Kò péye tó ti olówó, ṣùgbọ́n ó tó fún olùkọ́ tí ó fẹ́ fi han akẹ́kọ̀ọ́ bí ohùn áńtẹ́nà ti ń sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí a bá fi sẹ̀ǹtímítà kan kún un. Nígbà tí àwa wà ní ilé-ẹ̀kọ́ lókè òkun, a kì í jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ọwọ́ kan irú ẹ̀rọ wíwọ̀n bẹ́ẹ̀ láìsí ọ̀gá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ibi tí inú ti ń bí wa nìyí. Ní oṣù January 2001, ìjọba Nàìjíríà ta àṣẹ lílo ìgbì fóònù fún àwọn ilé-iṣẹ́ ní 285 mílíọ̀nù dọ́là fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. A ti sọ iye tí Ghana gbà ní 2015. Òfuurufú tí ó wà lórí wa ni a ń tà, a sì ń fi owó rẹ̀ ra etí lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Wúrà ń jáde láti ilẹ̀ Ghana láti ayébáyé, tó bẹ́ẹ̀ tí Òyìnbó fi sọ ilẹ̀ náà ní orúkọ rẹ̀. Ó sì ń padà wá nínú fóònù, ní ìwọ̀n tí ó kéré ju èékánná lọ, pẹ̀lú iye tí àwa kò bá wọn dá sí. A kò sọ pé kí a dá ilé-iṣẹ́ fóònù sílẹ̀ lọ́la. A mọ̀ pé ẹ̀yà inú fóònù tí ń ronú fẹ́ ilé-iṣẹ́ tí owó rẹ̀ ju ti ìjọba kan lọ. Áńtẹ́nà kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú gbogbo ẹ̀yà ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀, òun ni ó ṣì jẹ́ pé ìṣirò, òye, ìlà tí a fà dáradára àti sùúrù wíwọ̀n lè mú un jáde láti inú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kan.

Ẹni tí ó bá rò pé ará Ghana kò lè fi ọwọ́ kan irú iṣẹ́ yìí, kí ó lọ sí Kuntunse, nítòsí Accra. Níbẹ̀ ni àwo irin kan wà tí ìbú ẹnu rẹ̀ jẹ́ mítà 32, tí a kọ́ ní ọdún 1981 láti máa gbé ọ̀rọ̀ tẹlifóònù lọ sọ́dọ̀ sátẹ́láìtì. Nígbà tí wáyà abẹ́ òkun gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó di aláìníṣẹ́. Àwọn ará Ghana, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àwọn ará South Africa, tún un ṣe, wọ́n yí etí rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ sátẹ́láìtì sí ọ̀dọ̀ ìràwọ̀, wọ́n sì ṣí i gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rọ àwọn awòràwọ̀ ní oṣù August 2017. Wáyà abẹ́ òkun tí ó gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kò ṣàìní àbùkù tirẹ̀: ní ọjọ́ 14 oṣù March 2024, mẹ́rin nínú wọn já nítòsí Abidjan, gbogbo etí òkun wa sì rọ.

Lílo tí a fẹ́ fi áńtẹ́nà tí a lè ká yìí sí ní àríwá Ghana kò jìnnà. Ìhà yẹn wà lára ilẹ̀ tí àrùn yíyírùn-ọrùn máa ń jà ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn. Ní Navrongo, ní àríwá Tamale, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í dán an wò ní ọdún 1994 pé kí nọ́ọ̀sì kúrò ní ilé ìwòsàn, kí ó gun alùpùpù, kí ó sì máa gbé láàárín àwọn ará abúlé; ọgbọ́n náà ṣe rere, ó sì di ti gbogbo Ghana. Irú nọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ lè lẹ ohun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan mọ́ apá ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná, kí ó sì lọ bẹ ilé mìíràn wò, nígbà tí ohun náà bá ń sọ bí ooru ara ọmọ ti ń lọ sókè fún fóònù tí ó wà nínú àpò rẹ̀. Pátákó líle kò ṣeé lẹ̀ mọ́ apá ọmọ. Èyí tí a tẹ̀ sórí ike ṣeé lẹ̀. Ìdí tí ó sì fi gbọ́dọ̀ lè yí ohùn padà tún wà níhìn-ín, nítorí pé omi ni ó pọ̀ jù nínú ara ènìyàn, omi sì máa ń fa ohùn áńtẹ́nà sísàlẹ̀. Apá ọmọ kò rí bí apá àgbà. Títẹ̀ tí a bá tẹ̀ ẹ́ yí apá ká pàápàá ń yẹ ohùn náà kúrò ní ipò. Áńtẹ́nà olóhùn kan tí a wọ̀n lórí tábìlì yóò dé ara ènìyàn, yóò sì ṣìnà. Èyí tí ó ní varactor lè wá ọ̀nà rẹ̀ padà, bí a bá fún un ní ẹ̀rọ tí yóò máa sọ fún un pé ó ti ṣìnà.

A kò gbọdọ̀ fi àléébù rẹ̀ pamọ́. Tàdáwà fàdákà tí ó gbẹ kì í gbé iná tó bàbà gidi, nítorí náà díẹ̀ nínú agbára tí a fi sí i ń di ooru lásán. Bí a bá ń ká a tí a sì ń tú u lójoojúmọ́, ìlà rẹ̀ lè sán. A kò lè fi irin gbígbóná jó PIN diode mọ́ ọn bí àwọn tí ń tún rédíò ṣe ti ń ṣe, nítorí ike náà yóò yọ́; lẹ́ẹ̀ tí iná lè gbà kọjá ni a fi ń lẹ̀ ẹ́, òun náà a sì máa ṣí. Tàdáwà ọ̀hún wọ́n, òkè òkun ni ó sì ti ń wá. Ìyẹn ni ó ń dùn wá jù, pé a lè ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, kí a ní ohun wíwọ̀n, kí a ní ọmọ tí ó mọ ìṣirò, kí a sì máa dúró de ìgò tàdáwà kan ní etíkun.

Ní Tamale ni University for Development Studies wà, tí ìjọba Ghana dá sílẹ̀ ní ọdún 1992 fún ìhà àríwá. A fẹ́ràn àṣà kan tí wọ́n mú wọ inú ẹ̀kọ́ wọn láti ìbẹ̀rẹ̀, pé apá kẹta ọdún ẹ̀kọ́ ni kí akẹ́kọ̀ọ́ lọ gbé láàárín àwọn ará abúlé, kí ó sì kọ́ ohun tí ìṣòro wọn jẹ́ gan-an. Irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí iṣẹ́ yìí bọ́ sí lọ́wọ́, nítorí pé ohun kan wà tí a kò lè wọ̀n ní Atlanta tàbí ní Tokyo. Tákàdá a máa mu omi láti inú afẹ́fẹ́, bí ó bá sì ti mu omi tó, ohùn áńtẹ́nà tí ó wà lórí rẹ̀ yóò yẹ̀. Ní Tamale, láti November títí di February, ọyẹ́ ń gbẹ ohun gbogbo tó bẹ́ẹ̀ tí ètè ń là. Ní March ooru lè tó 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí òjò bá sì dé, tákàdá tí ó wà nínú dúrọ́ọ̀ pàápàá a máa rọ̀. Ìwọ̀n mélòó ni ohùn náà yóò fi yẹ̀ láti ọyẹ́ dé òjò? Ìwọ̀n mélòó ni varactor yóò ní láti fà á padà? Eruku tí ó bá kó sórí fàdákà ńkọ́? Olùkọ́ kan, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà, NanoVNA kan àti òrùlé kan ní Tamale tó láti mọ̀ ọ́n láàárín ọdún kan, bí wọ́n bá ń wọ̀n ọ́n ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n sì ń kọ ọ́ sílẹ̀.